Ikọ̀: Ta Ni Ó Rán Wọn?

Bí ẹnikẹ́ni bá fi etí sí ìròyìn Yorùbá lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì fún ọ̀sẹ̀ kan péré, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn oníròyìn. Ọ̀rọ̀ náà ni ikọ̀. Ikọ̀ ọmọ ogun ni ó lọ sí ìhà àríwá. Ikọ̀ ọlọ́pàá ni ó gba ẹni tí wọ́n jí gbé sílẹ̀. Ikọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn ni ó mú àwọn afurasí. Ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù ni ó gbé ife-ẹ̀yẹ wálé. Kò ní pẹ́ kò ní jìnnà tí a ó tún fi gbọ́ pé ikọ̀ adigunjalè kan ya wọ ilé ìfowópamọ́, tàbí pé ikọ̀ agbésùnmọ̀mí kan pa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń pe ẹni tí ó ń ṣọ́ wa àti ẹni tí ó ń pa wá. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bóyá ó tọ́ bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí a bá fi pè. Yóò kọ́kọ́ jọ ọ̀rọ̀ èdè lásán, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ohun tí ojú àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti rí láti ọdún 2020 wá yóò gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Kí a tó wọ inú rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò kíyè sí àmì ohùn. Ikọ̀, ohùn àárín tí ohùn ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé, ni ọ̀rọ̀ tí a ń sọ. Ikọ́ ni àìsàn ọ̀nà ọ̀fun àti àyà. Ìkọ́ ni irin tàbí igi tí a tẹ̀ lórí, tí a fi ń fa nǹkan. Ìkọ̀ ni kí a kọ nǹkan, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìkọ̀sílẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ “ikọ́ ọmọ ogun” sínú ìwé ìdánwò ti sọ fún olùyẹ̀wò pé àwọn ọmọ ogun náà ń húkọ́, bóyá eruku ọ̀nà ni ó fà á.

Láyé àtijọ́, ikọ̀ kì í ṣe ẹni tí a mọ̀ mọ́ ohun ìjà. Ìránṣẹ́ ọba ni, ẹni tí ọba tàbí ìlú fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, tàbí tí wọ́n di àrokò lé lọ́wọ́, pé kí ó lọ bá ọba mìíràn. Èyí ni ó mú kí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa lo ikọ̀ níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń sọ nínú ìwé rẹ̀ kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé aṣojú Kristi ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun. Wọn kò lo ìránṣẹ́ lásán, nítorí ikọ̀ ju ìránṣẹ́ lọ. Ọmọdé tí a rán lọ ra epo, ìránṣẹ́ ni. Ẹni tí ó jẹ́ pé bí ó bá sọ̀rọ̀, ìlú ni ó sọ̀rọ̀, tí ó sì jẹ́ pé bí wọ́n bá lù ú, ìlú ni wọ́n lù, òun ni ikọ̀. Lílọ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ni ó rán an, ẹni náà kò sì sá fún un pé òun ni òun rán an. Ọ̀rọ̀ tí a rán an ní ààlà. Ó sì gbọ́dọ̀ padà wá jábọ̀. Ikọ̀ tí ó lọ tí kò padà wá jábọ̀, tí kì í ṣe pé ikú ni ó dá a dúró, ti di ìsáǹsá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 láàrin Ìbàdàn àti Ẹ̀kìtìparapọ̀. Wọ́n jà á títí, kò sí ẹni tí apá rẹ̀ ká ẹnì kejì. Nígbà tí Gómìnà Èkó, Alfred Moloney, fẹ́ kí ìjà náà tán ní 1886, àwọn àlùfáà méjì ni ó rán sí ibùdó àwọn ajagun, Samuel Johnson àti Charles Phillips. Phillips ti ń ṣe iṣẹ́ ìjọ ní Òde Oǹdó ṣáájú ìgbà náà. Johnson ni ó kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí gbogbo wa ń kà. Ìwé àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni ẹrù wọn. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n sì kéde àlàáfíà lójú ogun ní oṣù kẹsàn-án. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, bí ẹnì kan bá sọ ní ibùdó pé ogun ń bọ̀, gbogbo ènìyàn a dìde. Bí ó bá sọ pé ikọ̀ ń bọ̀, ara a tù wọ́n. Báwo wá ni orúkọ ẹni tí ó ń parí ogun ṣe di orúkọ àwọn tí ó ń jà á?

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Ogun fúnra rẹ̀ ni ó gbòòrò jù. Ogun ni ìjà, ogun sì ni àwọn tí ó ń jà: a ní ogun Ìbàdàn ṣí, a ní ogun wọ ìlú, a ní ogun kó wọn lọ́mọ lọ. Bí a bá fi ara balẹ̀ wò ó, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ni ẹni tí ogun wá bá. Lójú rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ láàrin ìjà àti àwọn tí ó gbé e wá, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ìyàtọ̀ láàrin òjò àti omi tí ó ń rọ̀ lé e lórí. Ẹ̀ṣọ́ yàtọ̀ sí èyí. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, akọni 70 ni ó ń jẹ́ Ẹ̀ṣọ́, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò ni olórí wọn, àwọn ará Ìkòyí sì ń fi orúkọ náà yangàn títí di òní. Lónìí, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wà, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìfowópamọ́ sì wà. Ẹni tí ó fẹ́ sùn ni ó ń pe ẹlòmíràn ní ẹ̀ṣọ́. Ẹgbẹ́ ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ó jùmọ̀ ń rìn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ dàgbà ni ó ń wà ní ẹgbẹ́ kan. Ẹgbẹ́ náà ni ó ń la ọ̀nà, tí ó ń tún ọjà ṣe, òun náà ni ó sì ń gbé ohun ìjà nígbà tí ọ̀tá bá dé. Kò sí ẹni tí ó rán wọn ju ara wọn àti àwọn àgbà ìlú lọ. Ìbàdàn kò rí bẹ́ẹ̀: olórí ogun kọ̀ọ̀kan ni ó ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń dá wọn mọ̀. Balógun ọ̀rún tí a ń kà nínú Bíbélì kì í ṣe oyè Ìbàdàn. Ọgbọ́n àwọn atúmọ̀ ni, láti fi ètò ogun àwọn ará Róòmù yé wa.

Ọ̀wọ́ náà wà, tí a ń lò fún ẹran àti ẹyẹ, àti fún ọmọ ogun tí a pín sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ohùn rẹ̀ pe ìlú Ọ̀wọ̀. Ìtàn ìlú náà sọ pé nípa ìwà ọ̀wọ̀ tí Òjùgbẹ̀lú, ọmọ Odùduwà, ń hù sí àwọn ènìyàn ni a fi sọ ibẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ọ̀ghọ̀ ni àwọn onílé sì ń pè é ní ẹ̀ka-èdè tiwọn. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àmì ohùn ti yé kíláàsì rẹ̀ lè kọ gbólóhùn yìí sójú pátákó láìsí àmì, kí ó ní kí wọ́n fi àmì sí i: ọ̀wọ́ ọmọ ogun wọ Ọ̀wọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ikọ̀ ni ó wá gba ipò lọ́wọ́ gbogbo àwọn wọ̀nyí, ó sì ní ìdí. Ikọ̀ ìlú kì í sábà dá rìn. Ènìyàn méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a máa ń rán, kí ẹnì kan lè ṣe ẹlẹ́rìí ẹnì kejì. Nítorí náà ọ̀rọ̀ náà ti lè tọ́ka sí àwọn púpọ̀ tipẹ́. Nígbà tí orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn ọ̀dọ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ òkèèrè, aṣojú ni wọ́n, ikọ̀ sì bá wọn mu. Láti ọ̀dọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ ọmọ ogun tí ìjọba rán lọ sí ibi kan kò jìnnà. Ohun mìíràn tí ó fà á ni pé ètò ogun àwọn òyìnbó ní ìpele púpọ̀: pìlàtúùnù, kọ́ńpìnì, bàtálíọ̀nù, bìrìgéèdì, dífíṣọ̀n. Oníròyìn tí ó ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti fi ka ìròyìn kò ráyè wá orúkọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bìrìgéèdì tí ó wà ní Àkúrẹ́, tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ikọ̀ ni. Àwọn mẹ́jọ tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ikọ̀ náà ni wọ́n. Èmi kò dá oníròyìn lẹ́bi, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fún ní ìtúmọ̀ ṣe nínú ìdánwò kí ó pe bàtálíọ̀nù ní bàtálíọ̀nù, kí ẹni tí ó ń kà á lè mọ bí wọ́n ti pọ̀ tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ìdánwò nìyí. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní 2020, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ṣe ìfilọ́lẹ̀ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Alága àwọn gómìnà wọn nígbà náà ni Rótìmí Akérédolú, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, ẹni tí ó ṣe gómìnà Oǹdó títí ó fi dolóògbé ní oṣù kejìlá 2023. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìfilọ́lẹ̀ náà, mínísítà ètò ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀, Abubakar Malami, sọ pé kò bá òfin mu. Ariwo pọ̀. Bí a bá bọ́ aṣọ òṣèlú kúrò lára ọ̀rọ̀ náà, ìbéèrè tí wọ́n ń jà lé lórí kò ju èyí lọ: ta ni ó ní àṣẹ láti rán ikọ̀? Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe òfin tirẹ̀. Ti Oǹdó di òfin ní oṣù kẹta ọdún náà.

Kí ọdún yẹn tó parí, ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá, wọ́n yìnbọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adéùsì, ní Elegbeka, nígbà tí ó ń darí bọ̀ láti ìpàdé àwọn ọba ní Àkúrẹ́. Ìfọ́n ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀. Ọba tí ó yẹ kí ó máa rán ikọ̀ ni ogun bá lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, tí ó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn kọlu ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ènìyàn tí kò dín ní 40, tọmọdé tàgbà. Ẹni tí ó bá sin òkú rẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lè má ní sùúrù fún àlàyé lórí ọ̀rọ̀. Ó lè ní kí a ṣáà fún àwọn ọ̀dọ́ ní ìbọn, kí wọ́n wọ inú igbó lọ, kí a sì pè wọ́n ní ohunkóhun tí ó bá wù wá. N kò ní bá a jiyàn nídìí pósí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fún ní ìbọn yóò padà wá sí àárín wa pẹ̀lú ìbọn náà, nígbà náà ni a ó sì fẹ́ mọ̀ irú ẹni tí a pè é.

Òwe Yorùbá kan sọ pé ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni iṣẹ́ náà, òwe yìí dára púpọ̀. Ó ń fún ikọ̀ ìlú kékeré ní ìgboyà láti dúró níwájú ọba ńlá kí ó sì sọ òtítọ́ tí a fi rán an. Ẹ wá fi ìbọn sí ọwọ́ ikọ̀ náà, kí ẹ tún òwe kan náà pa. Ohun tí ó jẹ́ ìgboyà ti fẹ́ di ìkà. Ikọ̀ tí kò bẹ̀rù ọba alágbára ni a yìn. Ológun tí kò ka ẹni tí ó dojú ìbọn kọ sí ńkọ́?

Òwe kejì wà tí ó dí i lọ́wọ́: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn kan máa ń túmọ̀ èyí sí ìmọ̀ràn lórí ìwà tútù, pé kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ọ̀rọ̀ kíkan. Mo rò pé ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó ń sọ ni pé láàrin ẹnu ẹni tí ó rán ni àti etí ẹni tí a rán ni sí, àyè kan wà tí ó jẹ́ ti ẹni tí a rán, ohun tí ó bá ṣe níbẹ̀ sì di tirẹ̀, kì í ṣe ti ọ̀gá rẹ̀. Ìlú Nuremberg ní Jámánì ni a ti wá rí i tí òfin àwọn orílẹ̀-èdè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ketekete. Nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn olórí ìjọba Hitler ní 1945 sí 1946, òfin tí wọ́n lò sọ pé àṣẹ ọ̀gá kò lè gba ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ibi lọ́wọ́ ẹ̀bi, bí ó tilẹ̀ lè mú kí ìyà rẹ̀ fúyẹ́. Àwọn tí ó dá òwe wa kò ní ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ pé ẹni tí a bá rán kò yé ní ojú àti ọkàn tirẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀, àwọn ìjòyè ní idà ayẹyẹ kan tí ń jẹ́ udamalore. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, tí ó ti kọ̀wé púpọ̀ lórí iṣẹ́ ọnà, túmọ̀ rẹ̀ sí idà àwọn ẹni tí a bí ire. Eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ irú rẹ̀ kan, kò sì sí ẹni tí yóò gbé eyín erin lọ jagun. Idà yẹn ń sọ irú ẹni tí ó gbé e kọ́ èjìká tàbí ìbàdí. Ọmọ tí òwe náà ń pè ni.

Àdánwò àwọn òwe méjèèjì kò pẹ́ dé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìn-ín-ní 2021, Gómìnà Akérédolú pàṣẹ pé kí àwọn darandaran kúrò nínú àwọn igbó ọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó láàrin ọjọ́ 7. Àgbẹ̀ tí màálù jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán, àti ẹni tí wọ́n gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sínú igbó, yọ̀ sí àṣẹ náà, ó sì tọ́ kí wọ́n yọ̀. Ẹ wá jẹ́ kí a ro ọmọ Àmọ̀tẹ́kùn kan, tí kò ní orúkọ, tí ó dé ahéré kan nínú igbó ìhà Ìfọ́n, tí ó bá ìyá arúgbó kan níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ àti ẹran díẹ̀. Iṣẹ́ tí a rán an ni pé kí wọ́n jáde kúrò nínú igbó. A kò rán an pé kí ó dáná sun ahéré, a kò sì rán an pé kí ó fi ẹran ìyá náà ṣe owó ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti kọjá ààlà ọ̀rọ̀ tí a fi sí i lẹ́nu. Ní ojú ẹsẹ̀ náà, kì í ṣe ikọ̀ mọ́, bí aṣọ rẹ̀ tilẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyá arúgbó nìkan kọ́ ni ó wà nínú igbó. Àwọn tí ó dúró de ọba ní Elegbeka, ibì kan ni wọ́n ti jáde wá. Ẹni tí ó gbọ́ ìró nínú ewé lè má ní ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ láti mọ̀ bóyá ọmọdé ni tàbí ìbọn, èmi tí mo jókòó ti ìwé kò sì gbọ́dọ̀ dá a lẹ́jọ́ bí ẹni pé ó ní ọ̀sán gbogbo. Nítorí èyí gan-an ni ìjábọ̀ ṣe ṣe pàtàkì. Ohun tí ó ṣe nínú ìṣẹ́jú àáyá yẹn, kí ó lè sọ ọ́ ní gbangba nígbà tí ó bá padà dé, kí àwọn tí ó rán an sì gbọ́ ọ.

Àwọn wo ni ó rán an? Èyí ni mo rò pé ó tú kókó tí ó wà láàrin àwọn òwe náà. Nígbà tí Johnson àti Phillips lọ sí Kírìjì, ẹni tí ó rán wọn wà ní Èkó, àwọn tí a rán wọn sí wà ní ibùdó ogun. Ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ti Àmọ̀tẹ́kùn kò rí bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tí wọ́n dá dúró ní ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n láti yẹ ẹrù rẹ̀ wò, owó orí rẹ̀ wà nínú owó tí a fi ra aṣọ àti ọkọ̀ wọn, àwọn aṣojú tí ó dìbò fún ni ó sì ṣe òfin tí ó gbé wọn dúró. Darandaran tí ó ń san owó ọjà kò yọ sílẹ̀. Ẹni tí a ó jẹ́ iṣẹ́ fún ni ó rán ni níṣẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òwe àkọ́kọ́ kò lè gba ẹnikẹ́ni láyè mọ́ láti má bẹ̀rù ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀.

Ó ku àwọn apànìyàn. Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé a kò rán àwọn náà ni? Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ sọ ní oṣù kẹfà 2022 pé ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí kan tí ń jẹ́ ISWAP ni ó wà nídìí ìpànìyàn Ọ̀wọ̀. Lóòótọ́, olórí wà fún irú wọn, ó sì ń pàṣẹ fún wọn. Ṣùgbọ́n ikọ̀ ni ẹni tí olówó rẹ̀ dúró ní gbangba, tí a lè mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá, tí ó sì lè dáhùn. Ẹni tí ó pa ènìyàn nínú ilé Ọlọ́run tí ó sì sá, tí ẹni tí ó rán an náà fara pamọ́, kò ní ohun kan nínú ìwà ikọ̀. Agbébọn tó, apànìyàn tó. Bí a bá sì fẹ́ sọ pé wọ́n pọ̀, ọ̀wọ́ wà nílẹ̀. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ìhà kejì, bí kò tilẹ̀ ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn: òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó wọ ilé onílé lóru láìwọ aṣọ iṣẹ́, tí ó gbé ènìyàn lọ láìsọ ẹni tí ó rán òun, tí a kò sì gbọ́ àbọ̀ kankan lẹ́yìn náà, ìhà ọ̀hún ni ó wà ní òru yẹn, ì báà jẹ́ pé ìjọba ni ó ń san owó oṣù rẹ̀.

Olùkọ́ tí ó bá rí “ikọ̀ adigunjalè” nínú àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ kò ní láti gé máàkì fún un. Kí ó fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé, ta ni ó rán wọn? Nígbà tí ó bá ṣí ojú ewé kejì tí ó sì rí “ikọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn” tàbí “ikọ̀ ọmọ ogun”, kí ó kọ ìbéèrè kan náà síbẹ̀.